Bátìrì Kọ̀ǹpútà Kì Í Ṣe Ti Rédíò

Àwáwù,

“Ta ló yọ bátìrì kọ̀ǹpútà àgbéká ọ́fíìsì wa?” Mo bi gbogbo ilé láàárọ̀. Ìwọ ti gba ọ̀nà Sekona lọ.

Lánàá lo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ó ti kú o.” Òpònú, kọ̀ǹpútà náà kò kú. Ńṣe ló máa ń sùn fúnra rẹ̀ kí iná má baà tán. Ó ti já bọ́ lórí ọ̀kadà rí, kò fọ́.

Bí n kò bá gbé àwòrán ilẹ̀ inú rẹ̀ dé Òṣogbo lónìí, èmi náà á bá àwọn tí ìjọba ológun ń lé lẹ́nu iṣẹ́ lọ. Má fọwọ́ kan nǹkan mi mọ́ láyé.

Mo ti rí i látojú fèrèsé báyìí: o sá a sóòrùn lórí àgbá omi, láàárín àwọn bátìrì rédíò Bàbá. Ó ti wú.

Jibril