Kẹ̀kẹ́ Okùn Bàbá Àgbà Ti Di Tèmi

Mọ́mì mi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á o! Èmi Tilda yín ti pa ẹja stílìhẹ́ẹ̀dì ní odò Maitland, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mọ́tò yín.

Bàbá àgbà ti ní bí mi ò bá pa ẹyọ kan, Lorne aládùúgbò wa lòun máa fún ní kẹ̀kẹ́ tí òun fi ń ká okùn ìwọ̀, èyí tí kò ní bíréèkì yẹn. Bí ìléfòó tó ń fi okùn hàn lójú omi ṣe rì báyìí, ẹja bú sáré. Mo sáré di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ló bá ń gbá mi ní ìka bíi tíṣà tínú ń bí.

"Àtẹ́lẹwọ́ ni kó o fi tẹ etí kẹ̀kẹ́ náà, olórí kunkun!" Bàbá àgbà pariwo láti orí àga rẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo apẹja ká okùn wọn kúrò lọ́nà fún mi. Lorne fúnra rẹ̀ ló fi àwọ̀n gbé e. Ó ní, "Ìyá ẹja, mo júbà!"

Ara Bàbá àgbà le. Ọ̀lẹ ló kàn ń ṣe é tí mo fi ń bá a de bọ́tìnì.

Ẹ bá mi kí ológbò wa. Bàbá àgbà náà kí yín. Èmi ni mo bá a kọ ìkíni rẹ̀, bírò ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Tilda, ọ̀gá odò