Máṣíìnì Bàbá Ti Ń Dán

Ẹ̀gbọ́n mi Bàsítì,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ní Kánò. Ara Màmá le. Ojú Bàbá ti fọ́ tán.

Ó rẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n. Mo ní kí n tún máṣíìnì Bàbá, alùpùpù wọn yẹn, ṣe kí inú wọn lè dùn. Sáńpépà káfíńtà ni mo fi ha ike ara rẹ̀, ló bá funfun bí ẹfun. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sáńpépà tó kúnná àti omi ha á, kí n tó fi wáàsì tí wọ́n fi ń dán ara mọ́tò nù ún. Ó dán.

Bàbá fọwọ́ wá ojú ibi tó ha nígbà tí ẹ gbé e ṣubú ní Odò-Orò. Wọn ò bá a. Wọ́n ní, "Ta ló gbé tèmi lọ?" Mo sọ títí pé òun náà ni, wọn ò gbà mí gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wálé wá sọ fún wọn pé tiwọn ni. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ohùn yín kí ẹ tó dé.

Àbúrò yín,
Tájù, Ìtapàjí.