Èémí Tí Mo Mí Sí Tanímọ̀la

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Ire-Akari,
                                        Ìsọlọ̀, Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, 2024.

Hassanat, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti lè kúnlẹ̀ kírun? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ògiri ilé wa fẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ ọ́ lórí fóònù.

O rántí Ìyá Ṣẹ́gunfúnmi, onílé wa, tí wọ́n máa ń sọ pé ìkúnlẹ̀ rẹ kì í délẹ̀. Láti ìgbà tí Ṣẹ́gunfúnmi ti kú, Tanímọ̀la, ajá rẹ̀, nìkan ló kù fún wọn. Ajá náà kú lóṣù tó kọjá. Wọ́n sunkún débi pé mo ní màá ya àwòrán rẹ̀ fún wọn, lọ́nà àtijọ́ tí o kọ́ mi. Pupa ẹyin ni mo fi po àwọ̀, mo sì fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí orí rẹ̀ ká. Ìwọ náà mọ̀ pé wúrà kì í lẹ̀ àfi kéèyàn mí èémí gbígbóná sí amọ̀ pupa tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo mí sí i títí òòyì fi kọ́ mi.

Hassanat, ajá yẹn kò dúró sójú kan. Mo yà á kó kọjú sí àga Ìyá Ṣẹ́gunfúnmi ní pálọ̀. Kò pẹ́, ẹnu ọ̀nà ló kọjú sí, lápá ibi tí yàrá mi wà. Wọ́n gbé ẹran síwájú rẹ̀, ẹran tán. Mo ní eku ni. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án gangan, mo gbọ́ èékánná tó ń ha ilẹ̀kùn mi. Mo ṣí i, mi ò rí nǹkan kan, àfi itọ́ ajá nílẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Lánàá, Ìyá Ṣẹ́gunfúnmi gbé fọ́tò ọmọ wọn wá bá mi, pẹ̀lú ẹyin tí wọ́n rà lọ́jà Bọ́ládé.

"Fúnmi, bá mi ya ọmọ mi. Bó o ṣe ya ajá yẹn gẹ́lẹ́."

Àánú wọn ṣe mí, mo sì sọ òótọ́. "Ẹ má bínú, Mà. Èémí mi ló wà lára Tanímọ̀la, ìdí nìyẹn tó fi ń wá mi kiri. Tí mo bá mí sí Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gunfúnmi, èmi ni wọ́n máa máa tẹ̀ lé. Wọn ò ní mọ̀ yín."

Wọ́n fi etí aṣọ wọn nu ojú fọ́tò náà. "Ó dáa. Èmi fúnra mi ni màá mí sí i."

O mọ̀ pé ikọ́ fée ń bá wọn fínra. Láti géètì dé pálọ̀, wọ́n á ti jókòó sinmi. Mo ní èémí wọn ò lè tó o. Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

"Èémí tó ṣẹ́ kù fún mi, ṣebí tọmọ mi ni."

Mi ò lè kọ̀ fún wọn, mi ò sì lè gbà. Ẹyin náà wà lórí tábìlì mi, mi ò tíì fọ́ ọ̀kan. Bá mi kí Màmá, kó o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Jọ̀ọ́, tètè wá, kí Ìyá Ṣẹ́gunfúnmi tó mí èyí tó kù wọ́n kù sí i.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀,
                                        Adéfúnmiláyọ̀.