Ìkẹ́dùn Lórí Tíṣà Felix Akíntáyọ̀, àti Ìwé Ẹ̀sùn Tí A Fà Padà

Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́,
Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọmọ́yẹní,
Ìsọlọ̀.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹta, ọdún 1978.

Sí Ìyáàfin Adébímpé Akíntáyọ̀ àti gbogbo ẹbí olóògbé,

Pẹ̀lú ọkàn tí ó gbọgbẹ́ àti ojú tí ń tì wá ni a fi ń kọ ìwé yìí sí yín, ìyá wa, lórí ìpapòdà ọkọ yín, Tíṣà Felix Akíntáyọ̀, tí wọ́n fi ayé sílẹ̀ ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta péré. Ẹ kú àráfẹ́rakù. Ẹ kú àmúmọ́ra. Kò yẹ kó rí báyìí rárá.

Nígbà tí àwọn aṣojú wa wá kí yín lọ́jọ́ Àìkú, ohun kan ṣoṣo ni ẹ béèrè lọ́wọ́ wa. Ẹ ní kí a bá yín pa ìwé ẹ̀sùn tí a kọ lórí Tíṣà rẹ́ nínú fáìlì wọn kí a tó sin wọ́n ní Ìkéré lọ́jọ́ Ẹtì, kí àwọn ọmọ má baà jogún orúkọ tó lábàwọ́n. Ẹ kò pariwo, ẹ kò sì bú wa. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára ṣinṣin.

Ọdún 1969 ni Tíṣà dé Ìsọlọ̀, kò sì pẹ́ tí gbogbo ọmọ fi ń pè wọ́n ní Tíṣà Kí-Ló-Fà-Á, nítorí ìbéèrè yẹn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Kí ló fà á tí omi inú àmù fi ń tutù ju ti inú garawa lọ? Kí ló fà á tí irin tó wà níta fi ń dógùn-ún? Wọn kì í dáhùn o. Àwọn ọmọ ni yóò gbé àmù àti garawa kalẹ̀, tí wọn óò fọwọ́ kan omi, tí wọn óò sì máa jiyàn títí agogo yóò fi lù. Nígbà tí ìjọba san owó Udójì lé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, tí oníkálukú wa ń ra fìríìjì àti rédíò ńlá, awò mẹ́ta tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá ni Tíṣà rà fún kíláàsì wọn. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì dé, tí ọmọ kún dé ẹnu ọ̀nà, tí àwọn mìíràn ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní kò burú, ojú tí yóò máa wo nǹkan ló pọ̀ sí i yẹn.

Ní oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá, wọ́n ní kí àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún bu omi tó ní tanwíjí sínú ìgò, kí wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dé e, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ. Nígbà tó máa fi tó ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀, ẹ̀fọn ló ń fò nínú ìgò. Ariwo tí àwọn ọmọ pa mú hẹdimásítà sáré jáde! Tíṣà wá ṣàlàyé pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, kì í ṣe oòrùn, kì í sì í ṣe epo pupa. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ délé, kí wọ́n sọ fún òbí wọn. Àwọn ọmọ kò dúró sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, láti Ìsọlọ̀ títí dé Èjìgbò, bí wọ́n ti ń rí dírọ́ọ̀mù ni wọ́n ń yí i dànù, omi òjò tí àwọn ìyá wọn ti ń tọ́jú láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ omi kò ti yọ mọ́.

Èmi Ọlálérè, akọ̀wé ẹgbẹ́, ni mò ń kọ ìwé yìí, n kò sì ní sá pamọ́ sẹ́yìn ẹgbẹ́. Dírọ́ọ̀mù mẹ́rin ni mo tọ́jú láti fi po sìmẹ́ńtì ilé tí mò ń kọ́ ní Èjìgbò. Ọmọ mi Ajíbọ́lá dà á nù tán, ó tún dúró tì mí, ó ní, Bàbá, kì í ṣe oòrùn ló ń fa ibà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá! Orí mi gbóná, n kò jẹun kí n tó mú gègé. Mo kọ ọ́ pé Tíṣà Akíntáyọ̀ ń sin ẹ̀fọn nílé-ìwé, àti pé ó ń kọ́ ọmọ láti máa já àgbà nírọ́. Òbí mọ́kànlélógójì ló buwọ́ lù ú. Láìgbọ́ tẹnu Tíṣà, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tí a kọ ọ́ sí yọ wọ́n kúrò ní kíláàsì karùn-ún, ó ní kí wọ́n lọ máa kọ́ kíláàsì kìíní ní a-b-d.

Tíṣà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí mo ṣe kòńgẹ́ wọn ní Apakun, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ kí mi, wọ́n tilẹ̀ béèrè ibi tí mo kọ́ ilé dé. Ojú tì mí, síbẹ̀ n kò tọrọ àforíjì. Ní kíláàsì kìíní náà, wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní agolo mílíìkì kan àti ẹ̀wà mẹ́ta. Ẹ ò rí nǹkan, ọmọ ọdún mẹ́fà ń bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó fà á tí gbòǹgbò fi ń lọ sí ìsàlẹ̀!

Kí òjò tó dáwọ́ dúró, a ti rí òótọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ kò yéé da omi nù, àwọn ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ dé dírọ́ọ̀mù dáadáa kí omi wọn má baà ṣòfò. Àbíkẹ́yìn mi, Beatrice, tí ibà kì í fi oṣù kan sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣàìsàn títí Kérésì fi dé. Àwọn òbí mìíràn náà ń sọ bẹ́ẹ̀. A wá mọ̀ pé a ti ṣẹ Tíṣà. A ní bí ọdún bá yí, a ó kọ ìwé mìíràn. Ó di ìpàdé oṣù Kejì. Èèyàn kò pé, a sún un sí oṣù Kẹta. Oṣù Kẹta náà la wà yìí.

Lánàá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mẹ́tàdínlógójì nínú àwọn tó buwọ́ lùwé bá mi lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ náà. Àwọn ará ibẹ̀ ní ìwé tó bá ti wọ fáìlì kì í jáde mọ́. A ní àwa náà kò ní jáde. Ìyá Gàfárù, ẹni tó kọ́kọ́ buwọ́ lù ú, tẹ́ ìró sílẹ̀, ó jókòó, ó ní òun gbé oúnjẹ dání. Nígbà tó di aago méjì, wọ́n fa ìlà pupa kọjá lórí ìwé ẹ̀sùn náà, wọ́n so ìwé ìfàpadà wa mọ́ ọn, wọ́n sì lù ú lóǹtẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí Tíṣà bẹ̀rẹ̀ kò ní dúró. Hẹdimásítà ti yan Tíṣà Oyèlékè láti máa kọ́ sáyẹ́ǹsì, bí ẹ bá sì yọ̀ǹda awò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un, inú àwọn ọmọ yóò dùn. Olúyínká, àkọ́bí yín tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà lọ́wọ́, ẹgbẹ́ yóò dúró tì í títí yóò fi gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. A ó sì wà ní Ìkéré lọ́jọ́ Ẹtì, àwa àti àwọn ọmọ tó da omi nù.

Ẹ̀dà ìwé ìfàpadà náà wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Olúyínká kà á sókè létí gbogbo ẹbí. Ohun tó wà níbẹ̀ kò pọ̀: Tíṣà Felix Akíntáyọ̀ kò ṣẹ̀, àwa la ṣẹ̀.

Kí Ọlọ́run nu omijé yín nù, kí ó ṣe ọkọ fún yín, kí ó sì ṣe bàbá fún àwọn ọmọ. Kí ó tu gbogbo ẹbí nínú. Kí ó sì fún àwa tó kù ní oore-ọ̀fẹ́ láti máa tọrọ àforíjì nígbà tí ẹni tí a ṣẹ̀ ṣì lè gbọ́.

Àwa ni tiyín nínú ọ̀fọ̀,
Ọlálérè Babáwálé,
Akọ̀wé, ní orúkọ gbogbo ẹgbẹ́.