Pírńtà Kì í Ṣe Pẹ́ńtà

Ọmọ mi obìnrin, èyí tí mo fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́,

Ara ńkọ́? Ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìwé dà ọ́ lórí rú. Màmá rẹ wà dáadáa, àmọ́ kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́fà, ẹjọ́ rẹ̀ sì tọ̀nà. Òrùlé tó ń jò ti gbọ́ràn. Ojú ló ń tì mí láti pè ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

O rántí ọjọ́ tí o pè, tí fóònù ń ha létí mi bí ẹni ń fá pákó. O ní pírńtà lo fẹ́. Pẹ́ńtà ni etí tèmi gbọ́. Mo ní kí lo fẹ́ fi ṣe, o ní gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ní tirẹ̀ nínú yàrá báyìí. O ní dúdú kékeré kan ni, kì í pariwo, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì lo máa gbé e sí, bí obìnrin tó ń ṣọ́ ilé yín bá sì ń bọ̀, wàá tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. O tún wá ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ náà lè máa wá lò ó. Yéè! Mo pa fóònù.

Ìwọ náà ṣáà mọ Jẹ́jẹ́, pẹ́ńtà tó ń kun ilẹ̀kùn lọ́dà fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó dúdú, kò ga, èèyàn kì í gbọ́ ohùn rẹ̀. Oṣù tó kọjá ló lọ kun ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ́hùn-ún. Mo ní hà, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí! Nígbà tó di àárọ̀, níwájú àwọn oníbàárà, mo da búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ síta, mo pariwo pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi ló fẹ́ fi ṣelé, òun ọlọ́mọ mẹ́ta. Ó tẹ̀ba, ó ń ṣa búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ẹ̀bi ló tẹ orí rẹ̀ ba. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó kó àwọn ọmọ lọ sílé bàbá rẹ̀.

Tíṣà tó wá gba àga rẹ̀ ni mo rojọ́ fún. Ó rẹ́rìn-ín títí, díẹ̀ ló kù kó jókòó lé ayùn lórí. Ó mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, mo sì fojú ara mi rí pírńtà. Ó gbé ìwé funfun mì, ó bì í jáde tòun tọ̀rọ̀. Mo bi onílé iṣẹ́ náà pé kíláàsì mélòó ni ẹ̀rọ náà kà. Ó dúdú lóòótọ́, kì í pariwo lóòótọ́. Ọmọ mi, ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu kí n wọlé.

Tíṣà ní kò pọn dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ ní tirẹ̀, pé wọ́n ń tẹ̀wé lẹ́nu géètì yín. Èmi ní irọ́ ni, káfíńtà tó bá ń yá ayùn, ọjọ́ iṣẹ́ gan-an ni ayùn máa ń ròde. Owó pírńtà wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Ṣùgbọ́n má fún gbogbo ayé lò, ẹni tó yá ayùn mi kì í dá gbogbo eyín rẹ̀ padà. Bí ṣẹ́ńjì bá kù, jọ̀ọ́, fi ránṣẹ́, búrọ́ọ̀ṣì Jẹ́jẹ́ mẹ́rin ló ṣẹ́.

Mo ti bẹ Jẹ́jẹ́. Ó ní kò sí nǹkan, àmọ́ kò pè mí lọ́gàá mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ò ní padà, pé ohun tí mo fi ariwo sọ, n kò lè kó o jẹ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí pírńtà yẹn máa ṣe nìyí, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi bí àwo: "Èmi káfíńtà, irọ́ ni mo pa mọ́ Jẹ́jẹ́. Etí mi ló ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́." Tẹ ogún, èmi fúnra mi ni màá lẹ̀ ẹ́ káàkiri àdúgbò. Ìkọ̀wé ọwọ́ mi ò ṣeé kà, ìwọ náà ń rí i.

Lábẹ́ rẹ̀, fi àyè sílẹ̀ fún ìwọ alára, torí orúkọ rẹ náà ni mo bà jẹ́. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ọmọ ẹni. Bá mi wá ọ̀rọ̀ tó bá tó ọ síbẹ̀, kí o tẹ̀ ẹ́, màá buwọ́ lù ú.

Ọlọ́run á fi ọmọ tó ń dárí jini kẹ́ ìwọ náà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.