Kò Sẹ́ni Tó Fẹ́ Padà Sẹ́yìn

Ọjọ́ Ajé, 20 September 1993

Ilé ìwé wọlé lónìí. Èmi wà nílé, mò ń gé ilá.

Inú ń bí mi débi pé bírò ti fa ewé yìí ya.

Látòní lọ, Gíwá, ìyẹn erin lédè Haúsá, ni bàbá mi nínú ìwé yìí. Kẹ̀tẹ́kẹ̀tẹ́ ni ìyá mi. Ẹni tó bá jí i kà, kó lọ sọ fún wọn.

Gíwá ní Lọ́kọ́ja ni n ó ti ṣe SS1, lọ́dọ̀ Àǹtí Rábíátù àbúrò rẹ̀, kí n lè máa kírun dáadáa. Kẹ̀tẹ́kẹ̀tẹ́ ní ọ̀dọ̀ àwọn Sísítà ní Kàbà ni, kí n lè máa lọ Máàsì. Kò sẹ́ni tó bi mí. Bẹ́ńṣì lèmi fẹ́. Bẹ́ńṣì àti pátákó ìkọ̀wé. Ibi yòówù kó wà.

Ọjọ́bọ̀, 23 September

Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ kan náà, orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún — "Ìmọ́lẹ̀, sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀." "Ìmọ́lẹ̀, sọ fún ìyá rẹ pé mo ti gbọ́."

Mo ní ṣé wọ́n dití ni. Kẹ̀tẹ́kẹ̀tẹ́ fi ìdí ọmọrogùn gbá mi lórí. Gíwá ní kí n sọ fún un pé ó ṣeun.

Rédíò náà ń sọ tirẹ̀: ìbò tí wọ́n fagi lé — àwọn kan ò gbà, àwọn kan ò sì yí ohùn padà. Gbogbo Nàìjíríà ti di pálọ̀ wa.

Ọjọ́ Àìkú, 26 September

Mo kórìíra àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 September

Èmi àti Kẹ̀tẹ́kẹ̀tẹ́ ń bọ̀ láti Ògìdì. Lọ́rí wa pàdé òmíràn lórí afárá tóóró. Dẹ́rẹ́bà wa ní òun lòun kọ́kọ́ gun afárá. Èkejì ní òun lòun dàgbà jù. Wọ́n paná ọkọ̀. Ọ̀kan tẹ́ ẹní sábẹ́ lọ́rí tirẹ̀. Àwa èrò ru iṣu wa, a fẹsẹ̀ rìn wálé.

Kí a tó lọ, ìyá mi dúró láàárín afárá, ó pariwo mọ́ wọn: "Àgbààyà! Orí kunkun yín ni èrò fi ń jìyà! Ṣé ẹ̀yin ò bímọ ni?"

Mo wò ó. Mo wò ó títí. Kò yé e.

Ọjọ́rú, 29 September

Gíwá ń ta dráfù lábẹ́ máńgòrò Ọbayẹmí káfíńtà. Ó ku ọba kọ̀ọ̀kan fún wọn. Wọ́n ń lé ara wọn kiri, kò sẹ́ni tó jẹ ẹnì kejì.

Ọbayẹmí ní, "Bàbá Ìmọ́lẹ̀, ọ̀mì nìyí o. Àfi kẹ́nì kan ṣi ọmọ dráfù tì."

Gíwá ní òun kọ́ ló máa ṣì í.

"Ẹ bá mi gbé àkéte wá nígbà náà, ká jọ máa sùn síbí!"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín! Ó dáa. Bí kò bá sẹ́ni tó máa ṣì í nílé wa, èmi á bá wọn ṣì í.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 October

Mo sọ fún Gíwá: "Màámi ní àwọn ti gbà fún yín. Kí n máa lọ Lọ́kọ́ja." Mo sọ fún Kẹ̀tẹ́kẹ̀tẹ́ nínú ilé ìdáná: "Bàbá ní kí n máa lọ bá àwọn Sísítà. Wọ́n ní ẹ má bínú."

Ó fi etí ìró nujú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 October

Orí mi fẹ́ là!

Gíwá: "Sọ fún ìyá rẹ pé kò lè fi ìwà jù mí lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn Sísítà ni wàá lọ."

Kẹ̀tẹ́kẹ̀tẹ́: "Sọ fún bàbá rẹ pé ilé ire ni wọ́n ti bí èmi náà. Lọ́kọ́ja ni."

Wọ́n kàn pààrọ̀ ibi tí wọ́n dúró sí ni. Ìjà kan náà!

Ọjọ́ Ajé, 4 October

Mo bú jáde nídìí oúnjẹ. Mo ní irọ́ ni mo pa, kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kankan, ẹ jẹ́ kí n lọ síbì kan ṣáà!

Wọ́n wojú ara wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ tó bá ń parọ́ fún òbí, oko ló yẹ ẹ́. Kó lọ bá ìyá àgbà ní Ẹ̀júkù títí di Kérésì."

"Sọ fún bàbá rẹ pé mo fara mọ́ ọn."

Èmi náà ni mo ru ìdájọ́ ara mi láàárín wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 October

Ní gáréèjì. Àwọn méjèèjì sìn mí wá. Ọkọ̀ ti fẹ́ kún.

Ìyá mi kọjú sí bàbá mi gan-an: "Bàbá Ìmọ́lẹ̀, ẹ bá wa gbé àpò yẹn sókè."

"Ó dáa, Ìyá Ìmọ́lẹ̀."

Bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n kí mi ní "Okun o", bí wọ́n ṣe ń kíni nílẹ̀ wa; èmi ò jẹ́ wọn.

Mo já àpò náà gbà lọ́wọ́ bàbá mi. Mo gbé e sókè fúnra mi.