Dùùrù Tó Lọ sí Ilé-Ìwé

                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Gíọ́gì Mímọ́,
                                        Piazza,
                                        Addis Ababa.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Tikimt, 1965 nínú ìṣirò ọdún ilẹ̀ wa.

Lemlem, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ rélùwéè kò pa á lára jù? Selam ọmọ mi ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ ti hù padà? Ooru Dire Dawa yẹn ńkọ́, ṣé ẹ ti mọ́ ọn lára? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Òjò ti dáwọ́ dúró, ara gbogbo wa sì le. Mo rí màmá rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ata tí o ní kí wọ́n bá ọ lọ̀ ti wà nílẹ̀.

Mo ti kí ọ tán. Ní báyìí, jẹ́ kí n bú ẹ̀gbọ́n rẹ.

Dákun, má fa lẹ́tà yìí ya. Láti kékeré ni mo ti ń pe Bezabih ní “wọ́n”, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹ̀gbọ́n mi ni. Lónìí, “ó” ni yóò máa jẹ́ títí inú mi yóò fi rọ̀, n kò sì mọ ọjọ́ tí yóò rọ̀.

O rántí pé ìwọ gan-an lo mú un wá sílé wa nígbà tó ti Vienna dé, níbi tó ti lọ kọ́ orin. Ó ní òun fẹ́ gbé orin kan jáde tí ẹnikẹ́ni kò ní fẹnu kọ, orin fèrè àti dùùrù lásán, tí yóò po ohùn ilẹ̀ wa mọ́ jáàsì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tí ìlù kóńgà àwọn ará Kúbà yóò sì máa rìn lábẹ́ rẹ̀. Ó ní masínkò bàbá mi ni yóò ṣáájú. Lemlem, ẹni àádọ́rin ọdún ni bàbá mi. Láti Gondar títí dé ibí, kò sí ilé ọtí oyin tí wọn kò tíì ti ta gòjé olókùn kan yẹn, bẹ́ẹ̀ làwọn ènìyàn ń pè wọ́n ní alágbe lójú wọn kòrókòró. Ọ̀mọ̀wé wá jókòó sórí àpótí wa, ó ní òun nílò wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní kí n fọ aṣọ funfun wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n tilẹ̀ fẹ́ràn fèrè sásófóònù tó wà nínú ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ní ó ń sunkún bí ẹni tó mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún.

Wàhálà dé nígbà tí wọ́n kan orin tó wà ní ohùn ilẹ̀ wa tí à ń pè ní Anchihoye. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, òun la fi kọrin níbi ìgbéyàwó rẹ. Ibi méjì wà nínú ohùn yẹn tí kò sí lórí dùùrù rárá. Àárín eyín dùùrù méjì ló máa ń bọ́ sí. Bezabih tẹ dùùrù, bàbá mi fa okùn, ohùn méjèèjì sì ń bára wọn jà. Ó yíjú sí bàbá mi níṣojú gbogbo ẹgbẹ́.

“Bàbá, ohùn yín ò tọ̀nà. Dùùrù ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé.”

“Èmi ni kí n tẹ̀ lé e? Ọmọ ọdún mélòó ni?”

Àwọn afọnfèrè bú sẹ́rìn-ín. Bezabih kò rẹ́rìn-ín.

“Ìṣirò ni wọ́n fi to èyí, bàbá, kì í ṣàṣìṣe. Bóyá etí yín ló ti ń dàgbà.”

Ọ̀rọ̀ etí yẹn ló dùn mí jù. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń tún un sọ. Ó ní bí wọn kò bá tún ohùn wọn ṣe kó tó di ọjọ́ ìgbohùnsílẹ̀, sásófóònù lòun yóò gbé ipò wọn fún. Bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Mo bá wọn nínú yàrá lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé etí lé okùn, wọ́n bi mí pé, “Fikirte, ṣé èyí tọ̀nà?” Ẹni tó kọ́ mi ní ohùn kí n tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sunkún.

Ìwọ ṣáà mọ iṣẹ́ mi. Ó di ọdún kọkànlá tí mo ti ń bá Musie Hagop, ará Armenia ọ̀gá mi, to ohùn dùùrù kiri ìlú yìí. Èmi ni mò ń to ti òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti fẹ́ gba orin náà sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ọ̀hún, mo dé ṣáájú gbogbo wọn. Mo ṣí dùùrù, mo mú kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń yí okùn, mo sì yí okùn mẹ́rìndínlógójì kúrò níbi tí Vienna fi wọ́n sí lọ síbi tí masínkò bàbá mi wà. Kò sẹ́ni tó fa ohùn náà fún mi. Orí mi ló wà.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, dùùrù àti masínkò wọnú ara wọn. Àwọn afọnfèrè, ètè ni wọ́n fi ń wá ohùn, wọ́n bá wọn lọ. N kò ní purọ́ fún ọ, orin náà dùn. Ìlù Kúbà ń rìn nísàlẹ̀, fèrè Amẹ́ríkà ń ké lókè, ohùn ilé wa sì jókòó sáàárín bí onílé. Kì í ṣe àdàlù ni mò ń bá jà, Lemlem. Ẹni tó da mẹ́ta pọ̀, tó wá ní ẹyọ kan ṣoṣo ni kó máa tẹrí ba fún ìyókù, òun ni mò ń bá jà.

Kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ wá sọ? Ó pàtẹ́wọ́. “Ẹ ò rí i? Bàbá ti tún tiwọn ṣe. Sùúrù ló gbà.” Ẹni tó fi ọdún mẹ́rin kọ́ bí a ti ń gbọ́ orin! Bàbá mi wò mí. Ìgbà tí a dé ọ̀nà ilé ni wọ́n tó bi mí pé, “Ta ló rán dùùrù yẹn lọ sí ilé-ìwé?” A rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, n kì bá tí kọ lẹ́tà yìí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ sórí rédíò. Ó ní ohun tó jẹ́ kí orin náà pẹ́ ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun fi kọ́ alágbe àgbàlagbà kan bí wọ́n ṣe ń to ohùn gòjé. Kò tilẹ̀ dárúkọ wọn. Ilé ọtí oyin ni bàbá mi wà, láàárín àwọn olórin ẹgbẹ́ wọn, rédíò sì ń pariwo. Gbogbo wọn mọ ẹni tó ń bá wí.

“Dagnew, o ò sọ fún wa pé o ti wọlé-ìwé,” ni ọ̀kan wí fún bàbá mi. “Ìgbà wo lo máa gboyè?”

Bàbá mi tí kì í jẹ́ kí èébú balẹ̀ kí wọ́n tó fi orin dá a padà, wọ́n kàn dìde ni. Wọ́n fi masínkò kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ògiri. Ọjọ́ kẹfà rèé. Àwọn kan wá pè wọ́n síbi ìgbéyàwó lánàá, bàbá mi ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn, etí àwọn ti dàgbà.

Mo lọ bá Bezabih. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó padà sórí rédíò, kó sọ pé etí bàbá mi kò ṣàṣìṣe. Ó rẹ́rìn-ín. “Ọ̀rọ̀ eré lásán ni, Fikirte. Mo gbé bàbá rẹ ga ni. Ta ló mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀?” Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. N kò sọ ti dùùrù fún un. Mo kí i pé ó dàbọ̀, mo jáde.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, òun nìkan ni yóò jókòó sí dùùrù kan náà yẹn níwájú àwọn aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè, láti tẹ orin òyìnbó tó fi gboyè. Láti ọjọ́ ìgbohùnsílẹ̀ ni wọ́n ti ti gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì náà pa, wọ́n ń kùn ún, ohùn masínkò bàbá mi tí mo to dùùrù náà sí ló ṣì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ló yẹ kí n lọ to ohùn dùùrù náà. Ọwọ́ Musie Hagop ti ń gbọ̀n, kò lè yí okùn mọ́, n kò sì mọ ẹlòmíràn tí yóò bá a ṣe é.

Nítorí náà, bí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, lọ sí ibùdó rélùwéè, fi tẹlifóònù wọn pe ẹ̀gbọ́n rẹ. Sọ gbogbo rẹ̀ fún un, má fi ọ̀kankan pa mọ́. Bó bá lọ sórí rédíò ní Ọjọ́bọ̀, tó sọ òótọ́, tó sì pe Dagnew lórúkọ, èmi yóò to dùùrù lọ́jọ́ Ẹtì. Bí kò bá lọ, ara mi kò ní yá lọ́jọ́ Ẹtì.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Fẹnu ko Selam lẹ́nu fún mi, kí o sì sọ fún un pé bàbá àgbà ń bèèrè rẹ̀.

Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pẹ̀lú pé bí ohùn dùùrù bá ṣe é bákan lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó má dá dùùrù lẹ́bi, ìṣirò ni wọ́n fi tò ó. Bóyá etí rẹ̀ ló ti ń dàgbà.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ ṣì ni mí, bí inú tilẹ̀ ń bí mi,
                                        Fikirte Dagnew.